Véèpù Kúnlé ló jó, Ẹ̀gbọ́n Wàsíù ló ń bẹ̀bẹ̀

Ọjọ́bọ̀, Mushin

Ara mi ò tíì balẹ̀ títí di báyìí. Láàárọ̀ ni bátìrì véèpù, sìgá oníbátìrì tí Kúnlé àbúrò mi ń fà, bú gbàmù níbi tó ti ń ṣáàjì ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó jó fóòmù, ó sì bó o lọ́wọ́. Kí Màmá má baà mọ̀ pé ó ń fa èéfín, ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tí Ẹ̀gbọ́n Wàsíù tó ń ṣiṣẹ́ iná ládùúgbò wa ṣe fún wa ló gbiná.

Mo gbé véèpù náà lọ bá ẹni tó tà á ní Yaba.

"Àǹtí mi, ṣájà tí wọ́n lò ni ò dáa."

"Ṣé kì í ṣe inú páálí tó o tà fún un ni ṣájà yẹn ti jáde?"

Ó ní kí n lọ bá àwọn tó ṣe é. Kò sí orúkọ ẹnì kankan lára ẹ̀. Olè ni gbogbo wọn.

Mo délé, mo bá Ẹ̀gbọ́n Wàsíù lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ ládùúgbò pé iṣẹ́ mi ń jólé." Kúnlé jókòó síbẹ̀, ó ń wo fóònù.

Ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nìkan ló tọrọ àforíjì.

Mo ju véèpù tó ti jó yẹn sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Kúnlé, ìwọ dọ̀bálẹ̀."