Orúkọ Mi Lára Àpótí Lẹ́tà

Láoyè,

Mi ò lè dúró dè ọ́. Mò ń sáré lọ bá ọkọ̀ ojú irin Hamburg, kí n lọ fúnra mi gba ìwé-ẹ̀rí mi ní yunifásítì. Bí mi ò bá mú un dé Logroño lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ tí mo rí ní Sípéènì ti bọ́ nìyẹn.

Àṣé wọ́n ti fi ránṣẹ́! Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí pé òun dá a padà, torí òun ò rí orúkọ mi lára àpótí wa. O sì mọ̀ pé orúkọ ara àpótí ni wọ́n fi ń pín lẹ́tà ní Jámánì níbí. Mo wò ó: orúkọ Ezra ọ̀rẹ́ rẹ ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ilé yìí, èmi ni mo mú ọ wọ̀ ọ́, oṣù méjì péré ni mo kúrò. Àbí ẹ ti sin mí ni?

Ọbẹ̀ wà nínú fíríìsà. Má fún Ezra.

Ní Logroño, ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ ilé wa, tí kò gbọ́ èdè mi rárá, ló fi bírò kọ orúkọ mi gàdàgbà sára àpótí lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀. Ìwọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn, ìwọ lo fi orúkọ àlejò bo tèmi mọ́lẹ̀.

Ojúọlá