Àjọ Àgbò Tí O Ń Dá Lọ́dọ̀ Àwọn Òyìnbó

Peckham,
Ọjọ́ Sọ́ńdè.

Yusrah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ẹ gbé ní Manchester tó o wà yẹn. Ṣé ara le? Ṣé hítà yàrá ẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ìwé tó o lọ kà ò ní kọ́ ẹ ní ohun tí ìyá ẹ ò ní lè gbà ẹ́ nínú ẹ̀, àmín. Àwa náà wà. Àmínát àbúrò ẹ ti hu eyín kẹrin, èmi ló sì ń fi gbogbo ẹ̀ gé jẹ. Bàbá ẹ ṣì ń ti àwọn aláìsàn kiri ní ọsibítù Camberwell, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì fẹ́ kí n sọ fún ẹ.

Má bínú pé n ò pè ẹ́. Fóònù yẹn ò ṣeé finú hàn mọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo dúró ní kíṣìnì, mo ń bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀ àgùntàn, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù ti ń fi súwẹ́tà onírun àgùntàn hàn mí, ó ní kí n wá rà á. Ta ló sọ fún un? Inú ìkòkò ni mo dé e mọ́ báyìí tí mo fi ń kọ èyí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ àgùntàn ni pé lẹ́tà kan wá sílé, orúkọ ẹ ló wà lára ẹ̀, àwòrán àgùntàn wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo já a. N ò ní parọ́ fún ẹ, èmi ni mo já a. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé ò ń san pọ́n-ùn mẹ́ta lóṣooṣù nítorí àgùntàn, pé bánkì á máa yọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀: àjọ àgbò Iléyá ni. Ó sì dùn mí. O mọ̀ pé àwa obìnrin ẹgbẹ́ mùsùlùmí níbí ń dá tiwa, pọ́n-ùn márùn-ún, o wá fi í sílẹ̀ lọ bá òyìnbó dá pọ́n-ùn mẹ́ta. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ kí n tó bí ẹ, àmọ́ mo mọ̀ pé pọ́n-ùn mẹ́ta ò lè ra àgbò. Lọ́dún tó kọjá o ò wá sílé wá ṣọdún, o ní ìdánwò ni. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fura pé bóyá o ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀, tàbí ojú wa ń tì ẹ́. Lẹ́tà yìí wá dá kún un.

Àwọn tó kọ ọ́ máa ń tẹ́ tábìlì sí Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé. Lánàá mo pọn Àmínát, mo lọ. Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan ló jókòó síbẹ̀. Mo ní èmi ni ìyá Yusrah, pé ìgbà wo ló máa kàn ẹ́ láti kó àgbò ẹ, àti pé ṣé oníwo ni, torí oníwo ni bàbá ẹ fẹ́ràn. Ó wò mí títí. Ó ní kò sẹ́ni tó máa kó àgbò kankan. Mo ní èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé gbájúẹ̀ ni wọ́n, kí wọ́n dá owó ọmọ mi padà.

Ó wá ṣàlàyé pé ìwọ́de ni wọ́n ń fi owó yẹn ṣe, kí wọ́n má kó ẹran láàyè sínú ọkọ̀ ojú omi mọ́ lọ pa nílẹ̀ òkèèrè. Mo ní ṣé kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ kí àwa mùsùlùmí pa ẹran mọ́. Ó ní rárá, òun fúnra òun ò jẹ ẹran, àmọ́ ìrìn àjò yẹn lẹjọ́ àwọn. Ó ní ìjọba ibí ti fòfin dè é, àwọn ilẹ̀ mìíì ló ṣì ń ṣe é. Mo ní tó bá ti tán níbí, kí ló dé tí pọ́n-ùn mẹ́ta ò tán? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó fi àwòrán hàn mí. Ìwọ rèé níwájú ẹ́ńbásì kan, o gbé pátákó sókè, ìborí búlúù tí mo rà fún ẹ ní East Street lo wé. Ìwọ nìkan lo wé ìborí nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ rí nìyẹn! Ó tún ṣí òmíràn: àgùntàn há mọ́ra wọn nínú ọkọ̀, wọ́n yọ ahọ́n síta.

Yusrah, n ò sọ èyí fún ẹ rí. Bàbá mi ń ta àgbò ní Ìwó. Tírélà ló ń kó wọn wá láti òkè Ọya, bàbá mi ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ná wọn títí wọ́n á fi mumi yó. Lọ́dún kan tírélà pẹ́ lọ́nà, mọ́kànlá kú sínú ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ta ìyókù lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ a ò ní nǹkan kan nílé. Ó ní Ọlọ́run yọ̀ǹda ẹran fún wa ká pa á, kò yọ̀ǹda ká fi òùngbẹ pa á.

Mo fi pọ́n-ùn kan sínú agolo tí ìyá òyìnbó náà fi ń gbowó. Mi ò fọwọ́ sí ìwé tó ní kí n fọwọ́ sí o.

Lónìí, ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo dìde, mo béèrè ibi tí àgbò tiwa ti ń wá, wákàtí mélòó ló ń lò lójú ọ̀nà, àti ta ló ń fún un lómi. Alhaji Sherifdeen, ẹni tó ń bá wa rà á, sọ pé ọdún mẹ́sàn-án rèé tóun ti ń rà á, àgbò kan ò tíì wá fẹjọ́ òun sùn. Mìsítúrà tá a jọ wà lẹ́gbẹ́ ní ṣé mo ti di òyìnbó ni, àbí mo ń wá ọ̀nà gba owó àjọ mi padà. Wọ́n rín mi títí. Nígbà tá a parí, kò sẹ́ni tó bá mi gbé Àmínát sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń wò mí ni èmi náà ṣe ń wò ẹ́ láti ọdún tó kọjá.

Nítorí náà, wá sílé fún Iléyá. Má jẹ ẹran tó ò bá fẹ́, màá se ìrẹsì tìẹ lọ́tọ̀. Alhaji ti fi ìbínú gbà pé kí n bá òun lọ sí oko tí wọ́n ti ń ra àgbò. Tí èmi nìkan bá lọ, wọ́n á ní mo ya wèrè. Tá a bá jẹ́ méjì, ó di ọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, fi ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́ fún owó ọkọ̀ mi, fi í rán èèyàn, torí bánkì tó ń yọ owó fúnra ẹ̀ yẹn, n ò fọkàn tán an.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ níbi tójú mi ò tó. Ọlọ́pàá ò ní mú ẹ. Àmọ́ tí wọ́n bá mú ẹ, sọ fún wọn pé ìyá ẹ ń bọ̀.

Èmi ìyá ẹ,
Kúbúrà.