Ọkọ̀ Iyanrìn Tàbí Ọkọ̀ Àpáta

Bàbá mi,

Ṣé gbogbo ìlú Moab wà dáadáa? Lẹ́tà yín bá mi níbí ní Barstow. Ẹ ní èwo ni kí ẹ rà nínú ọkọ̀ iyanrìn àti ọkọ̀ àpáta. Ti iyanrìn gbòòrò, sípíríǹgì rẹ̀ sì gùn. Ẹ lè fi sáré àsápajúdé nínú aṣálẹ̀, kọfí yín ò ní dànù. Ti àpáta ò lè sáré, ṣùgbọ́n ó ń gun òkúta bí alángbá.

Ọ̀rẹ́ mi Rulon ní, “Colter, ti iyanrìn ni kóo sọ fún bàbá ẹ! Àbí wọ́n ti di ìgbín ni?” Ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n dín atẹ́gùn táyà kù kí n tó gun àpáta, kí n sì pọ́ǹpù ú padà kí n tó sáré lórí iyanrìn. Ní Sátidé, mo gbàgbé ìkejì. Táyà kan yọ, ọkọ̀ sì yí gbirigbiri díẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Oúnjẹ ibí dára, àwọn nọ́ọ̀sì sì mọ àwàdà ṣe.

Ẹ ra ti àpáta. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mò ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wò, bóyá ó máa gba àga oníkẹ̀kẹ́ mi.

Ọmọ yín,
Colter