Iyọ̀ Lójú Awò Ńlá

Àbíkẹ́yìn mi,

Awò ńlá olójú méjì tí a fi ń wo òkun wà lórí tábìlì. Má fi etí aṣọ nù ún o. Bí iyọ̀ òkun bá gbẹ sójú rẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni kí o kọ́kọ́ dà sí i, omi kì í wọ inú rẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó kì í bọ àpò, kó má bàa bu. Ọ̀gá mi nínú ọkọ̀ òkun máa ń sọ pé, “Ojú kejì ni mo fún ẹ yẹn, má fi nu imú.”

Láàárọ̀ yìí, mo rí ohun dúdú kan lójú òkun, mo sì pe ìyá rẹ pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bọ̀. Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Nígbà tí mo fọ awò náà, ọkọ̀ ọ̀hún pòórá. Iyọ̀ ni. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Bàbá ọmọ mi, ó tó gẹ́ẹ́.”

Mo ti lọ sí èbúté láti sọ fún àwọn tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ lójú òkun pé kí wọ́n sinmi. Rọ ìyá rẹ kó jẹun.

Bí o bá ṣì fẹ́ wo òkun, wò ó. Ṣùgbọ́n má yí ojú ọ̀tún awò náà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe yí i kó bá ojú tirẹ̀ mu ló ṣì wà. Bàìbàì ni mo ń fi í ríran, n kò kàn lè yí i ni.

Bàbá rẹ