Omi Kànga Díákónì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta, 2025. Ògbómọ̀ṣọ́
Mo délé lọ́sàn-án. Díákónì — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe bàbá mi bẹ́ẹ̀ — ti gbé fọ́tò mi kọ́ sí pálọ̀. Èmi, nínú kóòtù funfun tí a ń wọ̀ ní láàbù. Ẹni tó bá wọlé á rò pé dókítà ni mí. Ohun tí Díákónì sì fẹ́ kí èèyàn rò nìyẹn. Kò sí aládùúgbò tó mọ̀ pé máàkì mi ò tó wọ yunifásítì, pé iṣẹ́ láàbù ni mò ń kọ́ ní Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Lẹ́yìn ìsìn — "dókítà wa" níbí, "dókítà wa" lọ́hùn-ún. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dáhùn. 
Àǹtí Marufat, aránṣọ tó ń gbé iwájú ilé wa, ní kí n wá wo Ayọ̀mídé ọmọ wọn. Táífọ́ọ̀dù tún ni. Látọdún tó kọjá, bó bá lọ, á tún padà. Ọmọ náà ti rù kan eegun. Mo ní kí wọ́n máa fún un ní oògùn tí wọ́n gbà nílé ìwòsàn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Wọ́n dúpẹ́ bí ẹni pé mo ti wò ó sàn.
Kí n tó wọkọ̀, mo pọn omi kànga wa sínú ìgò. Ọ̀gá Kí-ló-dé — Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí, olùkọ́ wa tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu wọn — ní kí kálukú mú omi ilé rẹ̀ wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Tiwa mọ́ gaara. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Díákónì ló gbẹ́ ẹ fún wọn.

Ọjọ́ Ajé, 10. Ọ̀yọ́
A da omi sínú àwọn ìgò tín-ín-rín tó ní oúnjẹ kòkòrò nínú, a kó wọn sínú àpótí tó ń móoru kí kòkòrò inú omi lè pọ̀ sí i. Abigail, ọ̀rẹ́ mi ará Ìkòyí-Ilé, mú omi odò wá. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba.

Ọjọ́rú, 12
Omi odò Abigail dọ̀tí. Tèmi burú jù ú lọ. Ó dàrú, afẹ́fẹ́ ń rú nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní kòkòrò inú ìgbẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ká tún un ṣe kó lè dá wa lójú. Wọ́n bi mí pé kí ló wà nítòsí kànga wa. Mo ní mi ò mọ̀.
Mo mọ̀. Ṣáláńgá ni. Díákónì ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sẹ́yìn kànga lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n kọ́ yàrá àwọn ayálégbé.
Ọdún tó kọjá. Ayọ̀mídé.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
A tún un ṣe. Bákan náà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15. Ògbómọ̀ṣọ́
Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún Díákónì. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń mu omi yẹn. Mo ní ṣáláńgá ò tíì pẹ́. Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ yín ní ìgò fífọ̀ yẹn, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti rán ọ wá ba orúkọ mi jẹ́?"
Mo ní ẹ má bínú, sà. Mo wọ yàrá. Mò ń gbọ́ ìró garawa àwọn ọmọ tó ń pọnmi. Mi ò jáde lọ dá wọn dúró. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ bá Àǹtí Marufat nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo sọ ti omi, mo sọ ti ṣáláńgá. 
"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń kọ́."
Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn dìde, wọ́n da omi inú ìkòkò wọn nù sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Omi yẹn náà ni mo fi ń fún un lóògùn."
Kí ìsìn tó parí, àdúgbò ti gbọ́. Àwọn èèyàn ti ń dúró de Díákónì nídìí kànga. Mo rò pé Díákónì á sẹ́ tí wọ́n bá dé. Wọ́n dé, wọ́n wo ṣáláńgá, wọ́n wo kànga. Wọ́n tú okùn garawa fúnra wọn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ìdérí kànga pa. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀." Ìyẹn nìkan. Wọn ò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Mi ò rí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo fà á.

Ọjọ́ Ajé, 17
Àǹtí Marufat ń gbálẹ̀ nígbà tí mo ń jáde. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọn ò dá ìgbálẹ̀ dúró.
Díákónì sìn mí dé gáréèjì Takie.  Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó di ilẹ̀kùn mú.
"Adéjọkẹ́, ohun tí ò ń kọ́ yẹn, kí lorúkọ rẹ̀ gan-an?"
Ó ti di ọdún kejì tí mo ti wà ní Ọ̀yọ́. Wọn ò béèrè rí. Mo sọ ọ́ fún wọn. Ọkọ̀ ti kún, awakọ̀ ti ń kùn.
Díákónì ní kí n rọra tún un sọ.