Ìtàn Ajá Tó Dákẹ́

Kí n tó pín ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti yẹ kí n sọ tipẹ́tipẹ́: kì í ṣe ẹ̀bi àbúrò mi obìnrin ni ikú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bi ìtàn mi ni.

Èmi, tí ìwé ìbí ń pè ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n tí gbogbo ọlọ́sìn ẹran mọ̀ sí Bàbá Apàlọ́, olùrànlọ́wọ́ dókítà ẹran, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò béèrè ìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kàwé mọ; bí èdè òfin bá wọ́ lọ́wọ́ mi, kí ọkọ ọmọ mi, tí mo fi ṣe alámòójútó ogún, bá mi tún un ṣe. Kó má ṣe fọwọ́ kan ibi tí mo ti ń sọ òótọ́.

1. Ilé tí mò ń gbé, mo fi fún ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, olùkọ́. Òrùlé ń jò níbi ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí títí tó fi kú pé kí n tún un ṣe; ẹran ẹlẹ́ran kò jẹ́ kí n ráyè. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe fi hàn lọ.

2. Alùpùpù mi àti kúlà tí mo fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri, kí wọ́n fún ẹni tó bá rọ́pò mi lẹ́nu iṣẹ́. Kó máa ra yìnyín kó tó ra epo. Abẹ́rẹ́ tó bá ti gbóná kò yàtọ̀ sí omi.

3. Àwọn ewúrẹ́ mi di ti télọ̀ tó kọjú sí ilé mi. Wọ́n ti jẹ aṣọ oníbàárà rẹ̀ rí, ó sì pè mí ní dókítà tí kò rí oògùn olè ṣe fún ewúrẹ́ ara rẹ̀. Ó yá, kóun náà wò wọ́n sàn.

4. Ìtàn ajá dìgbòlugi, tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa àrùn náà, mo fi fún ọmọbìnrin mi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Dókítà tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé oríṣi méjì ni dìgbòlugi. Ọ̀kan á máa sáré, á máa gbó, á máa bu ènìyàn jẹ. Èkejì á dákẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ á já wálẹ̀, itọ́ á máa dà, bí ẹni pé egungun há a lọ́fun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ajá tó dákẹ́ sínú ìtàn, àwọn ọmọ ń yán. Nígbà tí mo fi èyí tó ń sáré sí i, tí èmi fúnra mi ń gbó yí kíláàsì ká, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Mo bá yọ èyí tó dákẹ́ kúrò. Ìyìn dùn mọ́ mi.

Ọmọ àbúrò mi mọ ìtàn náà lórí ju èmi lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé oúnjẹ fún ajá wọn. Ó bá a tó jókòó jẹ́ẹ́, tó la ẹnu sílẹ̀, ló bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè bá a yọ egungun. Eyín ajá họ ọ́ lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí àrùn náà ti mú un, tí omi wá ń bà á lẹ́rù lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìyá rẹ̀ jáde lọ ra oògùn. Mo bi ọmọ náà pé ṣé kò rí i pé ajá náà ti ya dìgbòlugi ni. Ó ní, Bàbá, tiwa ò sáré o, kò gbó, kò ṣe bíi tinú ìtàn yín. Èmi nìkan ni mo gbọ́.

Láti ìgbà náà ni àbúrò mi ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bá a kẹ́dùn pé òun ni òun fọwọ́ ara òun rán ọmọ òun níkú. Mo máa ń jókòó tì í, mo sì máa ń pàrọwà fún un pé kó gba kádàrá.

Nítorí náà, ọmọ mi, jẹ́ kí ajá dákẹ́ nínú ìtàn tìrẹ. Bí wọ́n bá yán, kí wọ́n yán. Kí o sì fi kún un pé ẹni tí eyín ajá bá họ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ bá kàn lójú ọgbẹ́, kó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ibẹ̀, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

5. Àwòrán ọmọ náà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, àbúrò mi ló ni ín. N kò ní ohun mìíràn tó tó fún un. Mo ti rò ó pé kí wọ́n ka ìwé yìí sí i létí nígbà tí wọ́n bá ti sin mí, kó má baà rójú mi bú. Ìwà ojo nìyẹn. Bó bá lé mi jáde, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Lọ́la, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá lọ fi ẹnu ara mi sọ fún un.

Ọwọ́ mi nìyí: Bàbá Apàlọ́
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta

Àwọn tó rí mi bí mo ṣe fọwọ́ sí i:
Akọ̀wé iléeṣẹ́ ìtọ́jú ẹran
Ìyá Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò mi