Kọ̀ǹpútà Bàámi Tó Wà Nínú Àjà

Ọjọ́ Ajé, 3 Okúdù 2024. Erunmu.
Bàámi tún kọ oúnjẹ. Àrùn rọpárọsẹ̀ yìí ti gba ohùn lẹ́nu wọn, ó gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ò lè kọ ohun tó ṣeé kà. Mo gbé fóònù fún wọn, ìka wọn ń ṣi lẹ́tà tẹ̀ — wọ́n tì í dànù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò ṣáá. Màámi ni wọ́n ń retí. Màámi tí a ti sin nígbà tí Bàámi ṣì wà ní ọsibítù. Bùọ̀dá Wándé, ẹ̀gbọ́n mi, ní a ò gbọdọ̀ sọ fún wọn. "Gbọ́njú, ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Ìṣẹ́gun, 4.
Wọ́n sunkún. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 6.
Mo rántí kọ̀ǹpútà wọn. Bóyá ìka wọn ò tíì gbàgbé bọ́tìnnì rẹ̀. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ láti àjà. Nígbà tí wọ́n ń fi kọ́ àwọn èèyàn ní ilé yìí, wọ́n á ní, "CP/M lẹ̀gbọ́n, DOS làbúrò, Windows ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀ nígbà yẹn, àṣẹ lo máa kọ. Inú dísìkì ni CP/M, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, wà. Tí o ò bá kọ́kọ́ ki dísìkì bọ ẹ̀rọ, òkú ni.
Dísìkì ti bu.

Àbámẹ́ta, 8.
Mo gbé e lọ bá Ammar tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó ní ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́. "Àǹtí, dísìkì yìí ni mi ò mọ ibi tí a ti fẹ́ rí i." Mo sunkún ní ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun á bá mi wá a.

Ọjọ́rú, 12.
Ògì gan-an, wọ́n pa ẹnu dé. Olúwa, ó ti rẹ̀ mí.

Ẹtì, 14.
Ammar fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ dé. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kan ní Akanran ló ní dísìkì. A tan jẹnẹrétọ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé yọ: A>
Bàámi nawọ́. Kò síbi tí ìka wọn ti ṣìnà. DIR — orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì tò wálẹ̀. Bàámi rẹ́rìn-ín. Ammar ṣí fìlà.
Lẹ́yìn náà wọ́n kọ orúkọ Màámi. Ohun tí CP/M ò bá mọ̀, á kọ ọ́ padà fún ọ, á fi àmì ìbéèrè sí i ni.
OLUFUNMI?
Bàámi kọjú sí mi.
Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Bàámi, wọ́n ti fi wá sílẹ̀." Wọn ò ṣubú. Wọ́n dijú, omi ń bọ́. Wọ́n gba ọwọ́ wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.
NIGBAWO?
Ẹ̀rọ ò mọ̀. Èmi ni mo dáhùn.